Ṣé lóòótọ́ ni Póòpù fòfin de Látìnì? Ohun tí àríyànjiyàn àwọn Kátólíìkì lórí Mísà dá lé gan-an

Láti oṣù Keje ọdún 2021 tí Póòpù Francis ti gbé òfin kan jáde lórí Mísà àtijọ́, ìyẹn èyí tí ìjọ ń ṣe ní Látìnì kí Mísà tuntun tó dé ní 1969, ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹnìkan á ní Póòpù ti fòfin de Látìnì. Ẹlòmíì á ní ìjọ ti pín sí méjì. Ẹlòmíì á gbé fídíò kan síta, níbi tí àlùfáà ti kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, tó ń gbàdúrà ní ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, á sì béèrè pé ṣé Kátólíìkì náà nìyí. Nígbà tó wá di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Kádínà Raymond Burke gba ìyọ̀ǹda, ó sì ṣe irú Mísà bẹ́ẹ̀ nínú Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ ní Vatican. Ọ̀rọ̀ tún wá dàrú sí i: ṣebí wọ́n ní wọ́n ti fòfin dè é?

Ohun tó mú un dàrú ni pé ọ̀rọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ́ mọ́ra wọn bí òwú: èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà, ibi tí àlùfáà kọjú sí, bí èèyàn ṣe ń gba Kòmúníọ̀n (búrẹ́dì mímọ́ tí wọ́n ń pín nínú Mísà), ìwé àdúrà tí wọ́n ń lò, àti ẹni tó láṣẹ láti yí ìwé náà padà. Ẹni tó bá fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni yóò tún ta kókó. A ó tú u níkọ̀ọ̀kan.

Kí ni Mísà, kí sì ni ìlànà?

Mísà ni ìjọsìn tó ga jù lọ lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì. Wọ́n gbà pé ẹbọ kan ṣoṣo tí Jésù fi ara rẹ̀ rú lórí àgbélébùú ni Mísà ń mú wá síwájú wọn, àti pé búrẹ́dì àti wáìnì tó wà lórí pẹpẹ di Ara àti Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítòótọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ni Mísà àtijọ́ àti Mísà tuntun jọ dúró lé.

Ìlànà ni ètò tí wọ́n fi ń ṣe é: àdúrà wo ló ṣáájú, ta ló ń sọ kí ni, ìgbà wo ni wọ́n ń kúnlẹ̀, Bíbélì apá ibo ni wọ́n ń kà. Inú ìwé kan tí à ń pè ní ìwé Mísà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ìjọ Kátólíìkì kò fìgbà kan ní ìlànà kan ṣoṣo. Ìlànà Róòmù ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìjọ Ìlà-oòrùn mẹ́tàlélógún ló wà lábẹ́ Póòpù, tí wọ́n ní ìlànà tiwọn. Pupọ̀ nínú wọn kò fi Látìnì ṣe Mísà rí. Ní Milan ní Ítálì, ìlànà Ambrose Mímọ́ ni wọ́n ń lò títí di òní. Ní Róòmù gan-an, èdè Gíríìkì ni àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ fi ń gbàdúrà kó tó di pé Látìnì gba ipò rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. “Kyrie eleison” tí wọ́n ṣì ń kọ nínú Mísà, Gíríìkì ni. Ẹni tó bá ní láìsí Látìnì kò sí Kátólíìkì, kò tíì ka ìtàn ìjọ rẹ̀ tó.

Ibo ni Mísà àtijọ́ ti wá?

Lẹ́yìn tí Martin Luther àtàwọn Alátùn-únṣe yapa, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe àpérò ní ìlú Trent láti ọdún 1545 títí di 1563. Lára ohun tí wọ́n fi lé Póòpù lọ́wọ́ ni pé kó tún ìwé Mísà ṣe. Póòpù Pius Karùn-ún gbé e jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1570, ó sì ní òun ni kí gbogbo ìlànà Róòmù máa lò, àfi ibi tí ìlànà tiwọn bá ti lé ní igba ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mísà Trent.

Pius Karùn-ún kò jókòó kó hùmọ̀ Mísà tuntun. Àdúrà Ńlá tó wà ní àárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Kánónì Róòmù, ti wà tipẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ti wà nílẹ̀ kí Póòpù Gregory Ńlá tó kú ní ọdún 604. Ṣùgbọ́n kì í tún ṣe òótọ́ pé láti 1570 ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 1604 àti ní 1634. Ní 1955, Pius Kejìlá yí ètò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ padà gidi gan-an. Ní 1962, John Kẹtàlélógún fi orúkọ Jósẹ́fù Mímọ́ kún Kánónì fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà ti 1962 yìí ni èyí tó kẹ́yìn, òun sì ni wọ́n ní lọ́kàn lónìí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Mísà àtijọ́.

Ẹni tí kò bá rí i rí kò ní mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ. Àlùfáà àti ìjọ jọ kọjú sí ibì kan náà, síbi pẹpẹ. Bí ó bá ti dé orí Kánónì, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní ìjókòó iwájú pàápàá kò ní gbọ́ ọ. Gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Á tẹ̀ ba orí pẹpẹ, á sọ ọ̀rọ̀ Jésù lórí búrẹ́dì, á kúnlẹ̀ lórí eékún kan, á gbé Ara Olúwa ga kọjá orí kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i, á sì tún kúnlẹ̀. Ọmọ tó ń ṣèrànwọ́ nídìí pẹpẹ á fi ọwọ́ kan di etí aṣọ àlùfáà mú, á fi ìkejì lu agogo. Láti ìgbà náà lọ, àtàǹpàkò àlùfáà àti ìka tó tẹ̀ lé e kì í ya ara wọn mọ́, àyàfi tó bá fẹ́ mú Ara Olúwa, títí yóò fi fọ̀ wọ́n lẹ́yìn Kòmúníọ̀n. Nítorí èérún ni, kí ẹyọ kan má baà bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kò ní nílò ìwàásù gígùn kó tó mọ ohun tí àlùfáà yẹn gbà gbọ́. Mo gbà pé ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un, kódà bí kò bá jẹ́ òun lèèyàn tìkára rẹ̀ yàn láàyò.

Kí ni Àpérò Vatican Kejì sọ?

Àpérò Vatican Kejì ni ìpàdé gbogbo bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé tí John Kẹtàlélógún ṣí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, tí Póòpù Paul Kẹfà sì parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1965. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ dá lórí ìjọsìn. Sacrosanctum Concilium ni orúkọ rẹ̀, ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 ló jáde. Bíṣọ́ọ̀bù 2,147 ló dìbò fún un. Mẹ́rin péré ló lòdì sí i. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ́ òkùnkùn kan ló dìtẹ̀ mọ́ Mísà.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí àwọn èèyàn má wà nínú Mísà bí àjèjì tó kàn ń wòran. Kí wọ́n dáhùn àdúrà, kí wọ́n kọrin, kí wọ́n mọ ohun tó ń lọ. Wọ́n ní kí àwọn ààtò tó díjú di èyí tó rọrùn, kí Bíbélì tí ìjọ ń gbọ́ sì pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ní kí Látìnì má parẹ́ nínú ìlànà Róòmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún èdè àwọn èèyàn. Ó ní orin Gregory, ìyẹn orin àdúrà àtijọ́ tí wọ́n ń kọ ní Látìnì, ni kí ó gba ipò iwájú. Ó ní ẹnikẹ́ni, àní bó ṣe àlùfáà, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi nǹkan kún ìlànà tàbí yọ nǹkan kúrò. Kò sọ ohunkóhun nípa pé kí àlùfáà kọjú sí ìjọ. Kò sọ ohunkóhun nípa gbígba Kòmúníọ̀n sọ́wọ́.

Ibo làwọn yẹn ti wá nígbà náà? Inú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni. Paul Kẹfà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, àlùfáà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Annibale Bugnini ni akọ̀wé rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde tó ní kí pẹpẹ kúrò lára ògiri kí wọ́n lè ṣe Mísà ní ìkọjú sí àwọn èèyàn. Èdè àwọn èèyàn wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tí ìwé Mísà tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí ìjọ rí ju ohun tí ìwé Àpérò sọ lọ. Àlàfo tó wà láàárín ìwé 1963 àti Mísà 1969 yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ń gbé títí di òní.

Paul Kẹfà kò fi bò. Ní ọjọ́ díẹ̀ kí Mísà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún àwọn èèyàn ní gbangba pé fífi Látìnì sílẹ̀ máa dùn wọ́n, pé ohun iyebíye ni wọ́n ń pàdánù, ṣùgbọ́n pé kí àdúrà yé èèyàn ṣe pàtàkì ju ẹwà èdè tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ lọ. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fi Mísà àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rántí pé Póòpù tó fi í sílẹ̀ gan-an kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ló yí padà nínú ìwé tuntun?

Bíbélì ni àyípadà tó hàn jù. Nínú Mísà àtijọ́, ọdún kan ni ètò kíkà Bíbélì ń yí po, ibi kíkà méjì lọ́jọ́ Àìkú, tí ọdún bá sì yí, ibi kan náà ni wọ́n tún máa kà. Nínú ti tuntun, ọdún mẹ́ta ni ti ọjọ́ Àìkú ń gbà, ó sì fi Májẹ̀mú Láéláé kún un. Ọdún kan jẹ́ ti Mátíù, èkejì ti Máàkù, ẹ̀kẹta ti Lúùkù. Àní nínú àwọn tó fẹ́ràn Mísà àtijọ́, àwọn kan gbà pé èrè ńlá nìyí.

Lẹ́yìn náà, Kánónì tó jẹ́ ẹyọ kan di Àdúrà Ńlá mẹ́rin, sókè ni wọ́n sì ń kà á kí ìjọ lè gbọ́. Àwọn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pẹpẹ kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìn Rere Jòhánù tí wọ́n ń kà níparí. Àdúrà fún gbogbo ayé padà wọlé. Àwọn àdúrà tí wọ́n fi ń ta búrẹ́dì àti wáìnì lọ́rẹ di tuntun, àwọn tuntun wọ̀nyí sì kúrú, wọn kò sì sọ̀rọ̀ ẹbọ tó ti ìṣáájú. Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ní 1969, Kádínà méjì, Ottaviani àti Bacci, kọ lẹ́tà sí Paul Kẹfà pé ìlànà tuntun ti jìnnà sí ohun tí Àpérò Trent kọ́ni nípa Mísà. Ẹ̀sùn tó wúwo ni. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ti tuntun dáhùn pé ọ̀rọ̀ ẹbọ ṣì wà nínú gbogbo Àdúrà Ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti pé Kánónì Róòmù fúnra rẹ̀ kò lọ síbì kankan, òun ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àmọ́ kò sí èyí tó dá lórí èdè.

Ṣé Látìnì kọ́ ni ìjà náà dá lé?

Rárá o. Látìnì ni ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀ Mísà tuntun. Àlùfáà lè ṣe Mísà tuntun ní Látìnì lọ́la, pẹ̀lú orin Gregory àti tùràrí, láìrú òfin kankan. Póòpù Leo Kẹrìnlá fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan ní 2025. Bí ẹ bá gbọ́ “Mísà Látìnì” nínú ìròyìn, ìwé ti 1962 ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ó yẹ ká máa pè é ní Mísà àtijọ́. Ìdajì wàhálà ni ìyẹn máa bá wa mú kúrò.

Ti ibi tí àlùfáà kọjú sí náà rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́sọ́nà Mísà tuntun ní ó dára kí àlùfáà lè kọjú sí ìjọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ èkejì di èèwọ̀. Àwọn tó fẹ́ ti àtijọ́ kì í gbà pé àlùfáà “kẹ̀yìn sí èèyàn”. Wọ́n ní òun àti ìjọ ló jọ kọjú sí Ọlọ́run.

Kòmúníọ̀n ńkọ́? Ní 1969, Róòmù béèrè lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù bóyá kí àwọn èèyàn máa gbà á sọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní rárá. Paul Kẹfà ní kí gbígbà á sórí ahọ́n máa jẹ́ ìṣe gbogbogbòò, ṣùgbọ́n kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibi tí gbígbà á sọ́wọ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lè tọrọ ìyọ̀ǹda. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á sórí ahọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i níbi gbogbo, ìwé Vatican ti 2004 sì sọ ọ́ kedere pé àlùfáà kò gbọdọ̀ fi Kòmúníọ̀n du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó kúnlẹ̀.

Kí ló wá fa ìjà gan-an?

Àṣẹ ni. Ta ló lè sọ fún ìjọ pé ohun tó jẹ́ mímọ́ lọ́wọ́ àwọn baba wa ti kúrò nílẹ̀? Ṣé Póòpù ni olówó ìlànà ìjọsìn, tàbí olùtọ́jú rẹ̀?

Marcel Lefebvre, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Dakar rí, dá Ẹgbẹ́ Pius Kẹwàá Mímọ́ sílẹ̀ ní Switzerland ní 1970. Ó kọ̀ láti gba Mísà tuntun, kò sì tún gba àwọn ẹ̀kọ́ kan nínú Àpérò Vatican Kejì, pàápàá lórí òmìnira ẹ̀sìn àti bí ìjọ ṣe ń bá àwọn ẹ̀sìn mìíràn ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1988, ó fi àlùfáà mẹ́rin jẹ bíṣọ́ọ̀bù láìgba àṣẹ Póòpù. Vatican kéde pé òun àtàwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yọ ara wọn kúrò nínú ìdàpọ̀ ìjọ. Oṣù méjì ṣáájú, ní ọdún kan náà yẹn, Róòmù fọwọ́ sí ìlànà Mísà kan fún àwọn dáyósíìsì (agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń bójú tó) ní Zaire, tó jẹ́ Congo òní, níbi tí wọ́n ti ń ké pe àwọn baba ńlá olódodo, tí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìwàásù. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìlànà kì í ṣe láàárín àtijọ́ àti tuntun nìkan.

Àwọn tó ń lọ Mísà àtijọ́ kì í ṣe irú kan, ìròyìn ló máa ń dà wọ́n pọ̀. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì gba Àpérò àti Mísà tuntun pé ó tọ́. Ẹgbẹ́ Pétérù Mímọ́, tí àwọn tó fi Lefebvre sílẹ̀ dá ní 1988, wà lábẹ́ Póòpù pátápátá. Àwọn ti Lefebvre ń dárúkọ Póòpù nínú Mísà wọn, ṣùgbọ́n ipò wọn lábẹ́ òfin ìjọ kò gún régé. Àwọn kékeré kan tún wà tó gbà pé kò tíì sí Póòpù gidi láti ìgbà tí Pius Kejìlá ti kú ní 1958. Ìyà ni wọ́n ń fi jẹ màmá kan tó kàn fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ Mísà àtijọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é ní ọlọ̀tẹ̀ nítorí àwọn ẹ̀kẹta yìí. Ìwà àìtọ́ kan náà ni kí àwọn kan máa sọ fún ẹni tó ń lọ Mísà tuntun pé Mísà rẹ̀ kì í ṣe Mísà.

Kí ni Benedict gbà láyè, kí ni Francis sì gbà padà?

Ní 1984, John Paul Kejì fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù láṣẹ láti yọ̀ǹda Mísà àtijọ́ níbi tí wọ́n bá ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2007, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ṣí ilẹ̀kùn gbayawu: àlùfáà kò nílò láti béèrè lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní ìlànà Róòmù kan ṣoṣo ló wà, ọ̀nà méjì ni wọ́n kàn ń gbà ṣe é. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó tọ́ka sí i pé àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ń rí ohun tó wù wọ́n nínú rẹ̀. Ní 2009, ó mú ìjìyà kúrò lórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí Lefebvre fi jẹ.

Francis kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo àgbáyé bí ètò yìí ṣe ń lọ. Ohun tó rí gbà, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, ni pé àwọn kan ń fi ìyọ̀ǹda náà pín ìjọ, wọ́n sì ń fi tako Àpérò Vatican Kejì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2021, ó gbé òfin tó ń jẹ́ Traditionis Custodes jáde. Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè yọ̀ǹda Mísà àtijọ́ nísinsìnyí. Kò gbọdọ̀ wáyé nínú ṣọ́ọ̀ṣì páríṣì. Àlùfáà tuntun gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ, ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ dé Róòmù. Èdè àwọn èèyàn ni kí wọ́n fi ka Bíbélì. Ní 2023, Vatican tún ní bí bíṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ yọ páríṣì kan sílẹ̀ nínú òfin yìí, ọ̀dọ̀ òun ló ti máa gba ìyọ̀ǹda.

Ó dín in kù gan-an, ṣùgbọ́n kò parẹ́. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó wà lókè. Nínú lẹ́tà tó bá òfin náà rìn, Francis tún dárò àwọn àlùfáà tó ń ṣe Mísà tuntun bó ṣe wù wọ́n, tí wọn kò tẹ̀ lé ìwé. Àwọn tó yọ̀ sí òfin náà kì í sábà ka ibẹ̀ yẹn sókè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sínú Mísà àtijọ́.

Ibo ni nǹkan dé báyìí?

Wọ́n dìbò yan Leo Kẹrìnlá ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ó ti sọ pé àwọn kan ti sọ ọ̀rọ̀ ìlànà di ohun ìjà òṣèlú, inú òun kò sì dùn sí i. Mísà tí Kádínà Burke ṣe ní Bàsílíkà jẹ́ ìyọ̀ǹda fún ìgbà kan, kò pa òfin 2021 rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Mísà àtijọ́ wà nítòsí rẹ̀, ọ̀dọ̀ dáyósíìsì rẹ̀ ni kó ti béèrè, kó sì béèrè pẹ̀lú bóyá bíṣọ́ọ̀bù ló yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ọ̀rọ̀ wọn gún lọ́dọ̀ Róòmù. Ẹni tó bá sì jẹ́ Látìnì àti orin Gregory nìkan ló wù ú, kó lọ bá àlùfáà páríṣì rẹ̀. Òfin kankan kò dí wọn lọ́wọ́.